Òǹkà Méjì Nínú Kíláàsì Kan: Ẹ̀kọ́ Ìṣirò ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí ó wà ní Bódìjà, ní Agbowó, ní Ring Road àti ní agbègbè Challenge ní ìlú Ìbàdàn, ọ̀nà méjì ni òǹkà ń gbà wọ inú kíláàsì. Olùkọ́ ìṣirò a mú ọ̀kan wọlé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ Yorùbá a sì mú èkejì wọlé lábẹ́ àkọlé Òǹkà Yorùbá, nítorí pé òǹkà wà lára iṣẹ́ tí ìjọba là sílẹ̀ fún kíkọ́ èdè náà. Ọmọ kan náà ni ó ń jókòó gbọ́ méjèèjì. Àwọn olùkọ́ méjèèjì ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó fi ojú kan ìwé iṣẹ́ ara wọn. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni a ka ọ̀kan mọ́, ẹ̀ka èdè ni a ka èkejì mọ́, ògiri tí ó wà láàárín wọn sì ga ju ògiri kíláàsì lọ.

Kí a tó lè mọ ohun tí ògiri yìí ń ṣe fún ọmọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ṣètò ẹ̀kọ́ ìṣirò gan-an. Láti ọdún 1982 tí ètò ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́fà tí ọmọ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ti pín sí ọ̀nà méjì: ọdún mẹ́ta fún ìpele kékeré tí a ń pè ní JSS, ọdún mẹ́ta fún ìpele àgbà tí a ń pè ní SSS. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 dé, a ka ọdún mẹ́ta ti JSS mọ́ ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó di ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì ìṣirò, ìyípadà náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ojú. Ọmọ kò lè sá fún ìṣirò nínú gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹni tí ó fẹ́ di oníṣègùn ń ṣe é, ẹni tí ó fẹ́ di agbẹjọ́rò ń ṣe é, ẹni tí ó fẹ́ ka Yorùbá ní yunifásítì náà ń ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ó ń tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ogójì ìṣẹ́jú ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé a sì máa fẹ́ kí ó bọ́ sí òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí oorun ọ̀sán tó kun ọmọ lójú.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka. Nọ́ńbà àti bí a ti ń kọ ọ́ ni ó ṣáájú. Áljẹ́bírà tẹ̀lé e, níbi tí a ti ń fi lẹ́tà dúró fún iye tí a kò tí ì mọ̀. Jiọ́mẹ́tìrì àti wíwọn nǹkan tún tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni a ń kọ́ bí a ti ń kó iye jọ, tí a ń tò ó sínú àtẹ láti fi wádìí ọ̀rọ̀. Ní ìpele àgbà, tirigonọ́mẹ́tìrì wọlé, a sì ń fi kálíkúlọ́ọ̀sì lọ ọmọ díẹ̀ ní ọdún tí ó kẹ́yìn. Olùkọ́ kì í kọ́ ẹ̀ka kan tán pátápátá kí ó tó bọ́ sí èkejì. Bí ìgbà tí ènìyàn ń hun ẹní ni: èyí yóò kọjá sókè, ìyẹn yóò kọjá sísàlẹ̀, wọn yóò sì tún pàdé níwájú. Áljẹ́bírà tí ọmọ rí ní JSS kìn-ín-ní yóò padà wá bá a ní JSS kejì pẹ̀lú ẹrù tí ó wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn tàbí lítírésọ̀, ọmọ tí àìsàn dá dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè padà dé, kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú orí ìwé tuntun, kí ó sì máa bá wọn lọ. Nínú ìṣirò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdá yékéyéké ní JSS kìn-ín-ní yóò kọsẹ̀ lára rẹ̀ ní ọdún kejì nígbà tí a bá ń fi iye kan wé òmíràn. Yóò tún kọsẹ̀ lára rẹ̀ ní SSS nígbà tí ìdá bá wọ inú áljẹ́bírà. Nígbà tí ó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, yóò ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní orí ìṣirò. Orí kọ́ ni ó bàjẹ́. Àtẹ̀gùn kan ni ó yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i.

Ìwé ètò-iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ ni a fi pín in, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní orí-ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Olórí ẹ̀ka a máa yẹ ìwé ìmúrasílẹ̀ olùkọ́ wò, a sì fọwọ́ sí i. Ohun tí ó ń wò ni bóyá olùkọ́ ti dé ibi tí ó yẹ kí ó dé; bóyá àwọn ọmọ bá a dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dá olùkọ́ lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Bí olùkọ́ kan bá ní kíláàsì mẹ́rin, tí ọgọ́ta ọmọ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé 240 ni yóò yẹ̀ wò bí ó bá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú méjì péré lórí ìwé kan, wákàtí mẹ́jọ gbáko ni, láìjẹ, láìmu. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ìdáhùn ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń wò, tí wọn kì í ráyè wo ọ̀nà tí ọmọ gbà dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ọ̀nà yẹn ni àṣìṣe ń fara pamọ́ sí. Àwọn òbí tí ọwọ́ wọn tó ẹnu mọ èyí, wọ́n sì ń gba olùkọ́ tí yóò máa wá bá ọmọ wọn nílé ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní lẹ́sìn. Ọmọ ẹni tí ó ń tajà ní Dùgbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú kò ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Kíláàsì nìkan ni ó ní.

Ní òpin ọdún kẹfà ni ìdánwò WAEC ń dúró. Ìgbìmọ̀ yìí, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952 fún àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ni ó gba iṣẹ́ ìdánwò lọ́wọ́ àwọn ará Cambridge díẹ̀díẹ̀. Ìwé méjì ni ti ìṣirò. Ìwé kìn-ín-ní ní ìbéèrè 50, wákàtí kan ààbọ̀ ni a fi ń ṣe é, ọmọ yóò sì mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Ìwé kejì ní ìbéèrè 13, wákàtí méjì ààbọ̀ ni tirẹ̀: márùn-ún àkọ́kọ́ di dandan, ọmọ yóò sì yan márùn-ún nínú mẹ́jọ tí ó kù. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé kejì yìí yóò rí i pé kì í ṣe nọ́ńbà lásán ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a dì mọ́ra pinpin. Ẹnìkan ra báyìí, ó tà á báyìí, ó jèrè ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ ojú omi kan forí lé ibi báyìí, ó yà sí ibi báyìí. Kí ọmọ tó ṣírò ohunkóhun, ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí a wí.

Àbájáde ìdánwò yìí ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn tàbí tí ó ń tì í. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ tí kò bá ní krẹ́díìtì nínú ìṣirò kò rí àyè wọ ọ̀pọ̀ yunifásítì, ìbáà jẹ́ èdè tàbí ìtàn ni ó fẹ́ kà. Kò sí ẹni tí ó mọ ìye ọmọ tí ì bá di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ Yorùbá lónìí tí wọ́n tìtorí ìdánwò kan ṣoṣo yìí wábi gbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ kéde pé krẹ́díìtì nínú ìṣirò kò pọn dandan mọ́ fún àwọn tí ó fẹ́ ka iṣẹ́-ọnà àti àwọn ẹ̀kọ́ tí ó bá a tan. Kò pẹ́ tí ó tún fi là á yé gbogbo ènìyàn pé dandan ṣì ni kí gbogbo ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún ìṣirò nínú ìdánwò àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀ sí ìkéde náà, ìdí sì wà fún ayọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n a ti ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn fún ọmọ kò wí pé a ti tún ilé ṣe. Ọdún mẹ́fà kan náà ni ọmọ yóò ṣì lò nínú kíláàsì ìṣirò, yálà ohun tí ń lọ níbẹ̀ yé e tàbí kò yé e.

Ètò tí a ti ń sọ yìí ní ìtàn. Ìṣirò wà lára ohun mẹ́ta tí àwọn míṣọ́nnárì fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, pẹ̀lú ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Ní ayé ìdánwò Cambridge, ìṣirò lásán, áljẹ́bírà àti jiọ́mẹ́tìrì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí olúkúlùkù ní ìwé tirẹ̀, kí a tó wá pò wọ́n pọ̀. Owó Gẹ̀ẹ́sì sì gba apá ńlá nínú iṣẹ́ náà: pẹ́nì méjìlá nínú ṣílè kan, ogún ṣílè nínú pọ́n-ùn kan. Ogún yẹn jẹ́ ibi kan tí òǹkà Gẹ̀ẹ́sì ti bá òǹkà Yorùbá pàdé, kò sì sí ìdánilójú pé ẹnikẹ́ni tọ́ka sí i fún àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ dé, tí ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Ìṣirò owó tí àwọn ọmọ ti ń sunkún lé lórí láti ìgbà àwọn baba wọn sì parẹ́ nínú ìwé láàárín ìgbà díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyá ọlọ́jà kò yé pe náírà méjì ní pọ́n-ùn kan fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ìyípadà tí ó le jù lọ ni ti ìṣirò ìgbàlódé. Lẹ́yìn tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti fi Sputnik ránṣẹ́ sójú ọ̀run ní ọdún 1957, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀ tò, afẹ́fẹ́ náà sì fẹ́ dé Áfíríkà. Ní ọdún 1962, àwọn olùkọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì péjọ sí Entebbe ní Uganda, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìṣirò tuntun. Grace Alele-Williams wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kópa nínú iṣẹ́ náà. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ni ó ti kàwé, ó sì ti kọ́ni ní ìṣirò ní Queen's School nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Ẹdẹ, kí ó tó ṣí wá sí Ìbàdàn. Chicago ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1963. Ní ọdún 1985, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà.

Ìdí tí ìṣirò ìgbàlódé fi wù àwọn ọ̀mọ̀wé kò ṣòro láti mọ̀. Dípò kí ọmọ máa há ọ̀nà sórí bí odídẹrẹ́, wọ́n fẹ́ kí ó mọ ìdí tí ọ̀nà fi rí bí ó ti rí. Wọ́n fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkójọ nǹkan, kí ó mọ ohun tí ó wà nínú agbo àti ohun tí ó wà lẹ́yìn agbo. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tí yóò fi ìwé náà kọ́ni kò tó, èyí tí ó wà kò sì gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó. Àwọn òbí ṣí ìwé ọmọ wọn, wọn kò rí ìṣirò kankan tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Ariwo pọ̀, ní ọdún 1977 sì ni ìjọba àpapọ̀ fòpin sí i, tí a tún ètò kan ṣoṣo ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó kú: àwọn àkójọ náà ṣì wà nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ òǹkà, ìyẹn ni pé ènìyàn lè fi méjì tàbí márùn-ún ka nǹkan dípò mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ yìí ni ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òǹkà méjèèjì ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò bá fẹ́ ṣàlàyé ìpìlẹ̀ òǹkà, a máa sọ fún ọmọ pé mẹ́wàá ni gbogbo ayé fi ń kà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń fi méjì kà. Ojú ọmọ a sì là bí ẹni gbọ́ ìròyìn láti òkèèrè. Ó ha gbàgbé ni pé ogún ni ìyá rẹ̀ fi ń kà nílé? Ogójì ni ogún méjì, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ni ogún márùn-ún. Àwọn Faransé náà ń pe ọgọ́rin ní ogún mẹ́rin títí di òní, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Yorùbá tí ó wọ ilé-ìwé Faransé ní Kétu tàbí ní Pọ̀tónófò ní orílẹ̀-èdè Benin ń gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu olùkọ́ àti lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ti Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí òǹkà Yorùbá ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni lílo àdínkù. Láti oókan dé ẹẹ́rin lórí ogún, a ń fi kún un: mọ́kànlélógún, méjìlélógún, títí dé mẹ́rìnlélógún. Bí a bá ti dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ojú wa ti kúrò ní ẹ̀yìn, ó ti di iwájú. Ọgbọ̀n ni a ń wò, a sì ń sọ ohun tí ó kù kí a dé ibẹ̀. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì náà ṣe irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pe méjìdínlógún ní ogún tí méjì dín nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lò ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo 525. Yorùbá yóò pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí a bá tú u palẹ̀, igba lọ́nà mẹ́ta ni, a yọ ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀, a fi ọgbọ̀n kún un, a sì yọ márùn-ún nínú ọgbọ̀n náà: (200 × 3) − 100 + (30 − 5). Ìsọdipúpọ̀, ìyọkúrò, ìròpọ̀ àti àkámọ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú orúkọ nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, ti wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìdí owó ẹyọ nínú ìwé tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1887. A da owó sílẹ̀, ẹni tí ó ń kà á kúnlẹ̀ tì í, ó ń fa márùn-ún márùn-ún sọ́tọ̀ títí yóò fi fà á lẹ́ẹ̀ogún. Ó di ọgọ́rùn-ún. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbá méjèèjì pọ̀, ó di igba. Ọwọ́ ni òǹkà yìí ti wá kí ó tó dé ẹnu. Ohun tí a ń fi ọwọ́ fà kúrò nínú òkìtì ni “dín”, ohun tí a ń fi ọwọ́ fà mọ́ ọn ni “lé”.

Ọ̀rọ̀ méjì kékeré yìí ṣe pàtàkì fún olùkọ́ ìṣirò ju bí ó ti lè rò lọ. Ní JSS, ọmọ ń pàdé àwọn nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn òdo, tí a ń kọ àmì ìyọkúrò síwájú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì bi olùkọ́ léèrè bí nǹkan ṣe lè kéré ju òfìfo lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ti ń sọ “dín mẹ́rin” láti ìgbà tí ó ti lè ka mẹ́rìndínlógún. Ẹ tún wo àṣìṣe kan tí gbogbo olùkọ́ áljẹ́bírà mọ̀. Ìwé a sọ pé iye kan “is five less than x”, ọmọ a sì kọ 5 − x, nítorí pé márùn-ún ni ó kọ́kọ́ rí. Bí a bá bi ọmọ náà ohun tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́, kò ní sọ láé pé a mú ogún kúrò nínú márùn-ún. Márùn-ún ni ó dín, ogún ni ó dín nínú rẹ̀: 20 − 5. Ètò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn àti ètò ọ̀rọ̀ Yorùbá bá ara wọn mu níhìn-ín. Ẹni tí yóò tọ́ka sí i ni kò sí. Ìyẹn nìkan kọ́. Lẹ́tà x tí ó ń dẹ́rù ba ọmọ kò yàtọ̀ sí lágbájá, ẹni tí a mọ̀ pé ó wà ṣùgbọ́n tí a kò tí ì mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹnìkejì bá sì wà, làkáṣègbè wà nílẹ̀ fún un.

Ti ìdá náà kò gbẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ àrà-ọ̀tọ̀ fún àwọn ìdá kan, ọmọ sì ní láti há wọn sórí. Yorùbá wí pé “ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún”, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán: ohun kan wà, a pín in sí márùn-ún, a mú mẹ́ta nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò ní fi nọ́ńbà òkè lé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ lórí láìmọ ìdí.

A kò ní ṣe bí ẹni pé kò sí ìṣòro. Ẹ mú 46. Ọmọ gbọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó gbọ́ mẹ́rin, ó gbọ́ àádọ́ta. Ohun tí ó rí lójú pátákó ni mẹ́rin àti mẹ́fà. Mẹ́rin tí ó gbọ́ kì í ṣe mẹ́rin tí ó rí, nítorí pé ti ojú pátákó jẹ́ mẹ́wàá mẹ́rin, ti ẹnu sì jẹ́ ẹyọ mẹ́rin tí ó dín. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò ro pé ọmọ náà ya aláìfiyèsí. Àwọn kan tìtorí rẹ̀ fẹ́ kí a sọ òǹkà Yorùbá di onímẹ́wàá mẹ́wàá pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n nínú fún àwọn ìwé ńláńlá, nítorí pé bí iye bá ti kọjá ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ni ẹgbàawàá, orúkọ a gùn bí okùn kànga. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ òǹkà àtijọ́ nù pátápátá yóò pàdánù irinṣẹ́ kan tí ó mú. Ẹ jẹ́ kí a ro 46 pọ̀ mọ́ 27. Lójú ìwé, mẹ́fà àti méje di mẹ́tàlá, a kọ mẹ́ta, a gbé ọ̀kan lọ. Lẹ́nu Yorùbá, àádọ́ta tí ó dín mẹ́rin àti ọgbọ̀n tí ó dín mẹ́ta ni: ọgọ́rin ni kí ó dín méje. Mẹ́tàléláàádọ́rin, ó tán. Báyìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ń wọn ẹ̀wà ní kóńgò ní ọjà Bódìjà ń ṣe é kí oníbàárà tó fa ẹ̀rọ yọ lápò. Nọ́ńbà tí ó súnmọ́ ìdè ni wọ́n ń mú, wọn a sì ṣàtúnṣe lẹ́yìn náà. Àwọn olùkọ́ ìṣirò ní òde òní ń gba ọmọ nímọ̀ràn láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n tuntun.

Pé a lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò kì í ṣe àlá. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò, láti ọdún kìn-ín-ní dé ọdún kẹfà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Wọ́n tilẹ̀ ṣáájú wọn nínú púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Ìwé tí ó ròyìn ètò náà jáde ní ọdún 1989. Ní àwọn ọdún 1980 bákan náà, Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Australia tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀, rí olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí kò ní rúlà tó fún kíláàsì rẹ̀. Olùkọ́ náà gé páálí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó fún àwọn ọmọ ní okùn, wọ́n fi okùn wọn ara wọn, wọ́n sì yí okùn mọ́ páálí. Iye ìgbà tí okùn yí ni wọ́n fi ka mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n sì wọn èyí tí ó kù. Verran kọ́kọ́ ṣiyèméjì sí ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìrònú tí ọ̀rọ̀ yìí bí nínú rẹ̀ wà lára ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí òǹkà Yorùbá ní ọdún 2001.

Ìjọba kò tíì dúró lójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin sọ pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó di ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó wọ́gi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a fi ọdún mẹ́ta gbé kalẹ̀ láìfi ìwé àti olùkọ́ tì í, kò yani lẹ́nu pé kò so èso tí a ń retí. Ó ṣòro láti gbà pé èdè ni ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ní ti ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ìkéde méjèèjì kò yí ohun kan padà: ẹ̀kọ́ Yorùbá ṣì wà lórí àtẹ àkókò, òǹkà sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn. Kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀ ni a ń to ìwé ètò-iṣẹ́. Bí olórí ẹ̀ka ìṣirò àti olórí ẹ̀ka èdè bá jókòó pọ̀ fún ọ̀sán kan, wọ́n lè mú òǹkà Yorùbá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà tí a ń kọ́ ìpìlẹ̀ òǹkà tàbí àwọn nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn òdo. Olùkọ́ Yorùbá yóò tú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta palẹ̀ pẹ̀lú àmì àti àkámọ́ dípò kí ó ní kí àwọn ọmọ há a. Olùkọ́ ìṣirò yóò bèèrè mẹ́rìndínlógún kí ó tó kọ àmì ìyọkúrò sójú pátákó. Kò sí ìwé tí a ó rà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àṣẹ tí a ó retí láti Abùjá. Ìdánwò ìparí táàmù pàápàá lè gbé ìbéèrè kan náà wá ní ìgbà méjì, lẹ́ẹ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ìṣirò, lẹ́ẹ̀kan ní Yorùbá nínú ìwé èdè, kí àwọn olùkọ́ méjèèjì sì fi máàkì àwọn ọmọ wé ara wọn láti mọ èyí tí ó jẹ́ pé ìṣirò ni kò yé ọmọ àti èyí tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni.